Bí A Ṣe Ń Fi Èdè Jàpáànù Sórí Kọ̀ǹpútà: Kíkà, Kíkọ àti Fáìlì Tó Dàrú

Ẹni tó bá fẹ́ lo èdè Jàpáànù lórí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èyí tó ń wá nínú nǹkan mẹ́ta, nítorí orúkọ kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èkíní ni kí kọ̀ǹpútà lè fi àwọn lẹ́tà náà hàn bí wọ́n ṣe rí gan-an. Iṣẹ́ fọ́ǹtì nìyẹn. Èkejì ni kí ẹ lè fi kíbọ́ọ̀dù tó wà níwájú yín kọ èdè náà. Iṣẹ́ ètò ìkọ̀wé kan tí wọ́n ń pè ní IME ni. Ẹ̀kẹta ni kí kọ̀ǹpútà mọ irú nọ́ńbà tí wọ́n fi tọ́jú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èyí ni wọ́n ń pè ní encoding.

Àmì tí ẹ ó fi dá ìṣòro kọ̀ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ síra. Bí ẹ bá rí àpótí kéékèèké tó ṣófo, bíi □□□, níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà, fọ́ǹtì ni kò sí. Bí ẹ bá ń rí Jàpáànù dáadáa lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọ ẹyọ lẹ́tà kan níbẹ̀, IME ni ẹ ń wá. Bí ó bá sì jẹ́ pé lẹ́tà wà lóòótọ́, àmọ́ tí wọ́n dà bíi æ—¥æœ¬èªž, encoding ni kọ̀ǹpútà ṣì mú. Ẹni tó bá ti mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní máa tú gbogbo inú kọ̀ǹpútà kiri nítorí ohun tí a lè tún ṣe ní ibì kan ṣoṣo.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí ohun kẹrin kan wà tí kò pọn dandan rárá, ìyẹn ni pé kí ènìyàn yí gbogbo Windows padà sí èdè Jàpáànù, láti orí orúkọ bọ́tìnì títí dé orí ìkìlọ̀ tó ń yọ lójú kọ̀ǹpútà. Mo ti bá akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó rí tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ hiragana, ọ̀kan lára irú ìkọ̀wé Jàpáànù. Wákàtí kan gbáko ni a fi wá ọ̀nà padà, nítorí kò lè ka orúkọ ibi tí a ó tẹ̀ mọ́. Ẹ lè kọ Jàpáànù lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá kí Windows yín sì wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Méjèèjì kò dí ara wọn lọ́wọ́.

Ìdí tí kíbọ́ọ̀dù nìkan kò fi tó

Èdè Jàpáànù ń lo irú ìkọ̀wé mẹ́ta pa pọ̀. Hiragana ní lẹ́tà ìpìlẹ̀ 46, katakana náà ní 46, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ìró kan, bíi か fún ka tàbí め fún me. Kanji ni ẹ̀kẹta, àwọn àmì tí wọ́n mú wá láti Ṣáínà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Kanji tí ìjọba Jàpáànù là sílẹ̀ fún lílò gbogbo ènìyàn láti ọdún 2010 jẹ́ 2,136, àwọn mìíràn sì wà lẹ́yìn ìyẹn nínú orúkọ ènìyàn, orúkọ ìlú àti ìwé àtijọ́. Kò sí kíbọ́ọ̀dù tó lè gba gbogbo wọn.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé kí ènìyàn kọ ìró ọ̀rọ̀ náà, kí kọ̀ǹpútà sì wá kanji tó bá a mu. Ẹ̀rọ ìkọ̀wé JW-10 tí iléeṣẹ́ Toshiba gbé jáde ní 1978 ló kọ́kọ́ sọ ọgbọ́n yìí di ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ó tóbi tó tábìlì, owó rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 6.3 yẹ́ẹ̀nì. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe ni IME ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà yín lónìí lọ́fẹ̀ẹ́.

Windows 10 àti 11

Ẹ rí i pé íntánẹ́ẹ̀tì yín dúró dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí Windows yóò lọ mú àwọn ohun tó nílò wá láti ìta. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú I láti ṣí Settings. Ẹ wọ Time & language, lẹ́yìn náà ẹ wọ Language & region; lórí Windows 10, Language nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ tẹ Add a language, ẹ kọ Japanese sínú àpótí ìwádìí, kí ẹ sì mú 日本語 tó bá yọ.

Ojú ewé tó tẹ̀lé e ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìgbésẹ̀ yìí. Windows yóò to àwọn nǹkan tó fẹ́ fi kún un sílẹ̀, ó sì máa ń fi ààyè kan síbẹ̀ tó ní Set as my Windows display language. Ẹ má fi àmì síbẹ̀. Bí àmì bá sì ti wà níbẹ̀, ẹ mú un kúrò. Ẹ lè fi ohun tó jẹ mọ́ ohùn kíkà àti ìfọwọ́kọ̀wé sílẹ̀ bí dátà kò bá pọ̀ lọ́wọ́ yín, nítorí IME kò nílò wọn. Ẹ tẹ Install, kí ẹ sì dúró dè é. Ẹni tí Windows rẹ̀ jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní Home Single Language yóò rí ìkìlọ̀ pé èdè kan ṣoṣo ni ojú Windows lè máa lò. Kí ìyẹn má ṣe já a láyà: ìkìlọ̀ náà kò kan kíkọ èdè, IME yóò ṣiṣẹ́.

Bí ó bá parí, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Japanese, ẹ mú Language options, kí ẹ sì wò ó bóyá Microsoft IME ti wà lábẹ́ Keyboards. Ojú ewé kan náà ni ẹ ó ti rí irú kíbọ́ọ̀dù tí Windows rò pé ẹ ní. Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún ọjà Jàpáànù ní bọ́tìnì 106 tàbí 109, àmì @ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ P, ó sì ní bọ́tìnì bíi 変換 àti 無変換 ní apá méjèèjì Space. Bí kíbọ́ọ̀dù yín kò bá ní ìwọ̀nyí, ẹ mú English keyboard (101/102 key), kí ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tún tàn án. Bí ẹ bá sì ra kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tó wá láti Jàpáànù gan-an, ìdàkejì rẹ̀ ni ẹ ó ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí a kọ sórí bọ́tìnì kò ní bá ohun tó ń jáde lójú kọ̀ǹpútà mu.

Láti bọ́ sínú Jàpáànù, ẹ di bọ́tìnì Windows mú, kí ẹ sì máa tẹ Space títí yóò fi kan Japanese. Ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ ó rí lẹ́tà kan, A tàbí あ. A túmọ̀ sí pé IME wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń sùn. Lẹ́tà ABC ni yóò máa jáde. あ túmọ̀ sí pé ó ti jí. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń rò pé ohun tí àwọn fi síbẹ̀ kò ṣiṣẹ́, tí wọ́n á sì yọ ọ́ dànù. Ẹ di Alt mú kí ẹ tẹ bọ́tìnì tó wà lápá òsì 1, lábẹ́ Esc, A yóò sì di あ. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún maosi tẹ あ náà, ẹ wọ Settings, ẹ wọ Key and touch customization, kí ẹ sì fún Ctrl pẹ̀lú Space ní iṣẹ́ títan IME àti pípa á. Èyí ni èmi ń lò, mo sì gba gbogbo ẹni tó ń kọ èdè méjì nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Kíkọ ọ̀rọ̀ gan-an

Ẹ ṣí Notepad, kí あ wà ní ìsàlẹ̀, kí ẹ sì kọ nihongo. にほんご ni yóò jáde, ìlà yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlà yẹn ń sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì jókòó. Ẹ tẹ Space, yóò di 日本語. Ẹ tẹ Enter, ìlà náà yóò kúrò, ọ̀rọ̀ sì ti jókòó. Ìró, Space, Enter: gbogbo ìkọ̀wé Jàpáànù lórí kọ̀ǹpútà dúró lórí mẹ́ta yìí.

Bí kanji tó jáde kì í bá ṣe èyí tí ẹ fẹ́, ẹ tún Space tẹ̀, IME yóò to àwọn yòókù sílẹ̀ kí ẹ mú nínú wọn. Ẹ kọ hashi kí ẹ wò ó. 橋 ni afárá, 箸 ni igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun, 端 ni etí tàbí ìpẹ̀kun nǹkan. Lẹ́nu ará Tokyo, ohùn ló ń ya 箸 sọ́tọ̀ kúrò lára 橋, bí ohùn ṣe ń ya ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀ lẹ́nu tiwa. Ṣùgbọ́n hiragana kì í kọ ohùn sílẹ̀. Kanji ló ń ṣe iṣẹ́ tí àmì ohùn ń ṣe nínú ìwé Yorùbá, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó bá fi IME sílẹ̀ kí ó máa mú kanji tó bá wù ú fi dà bí ẹni tó ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i: òǹkàwé lè gbọ́ ọ, ó sì lè ṣì í gbọ́.

Ó wá ku gbólóhùn gígùn, níbi tí iṣẹ́ ti pọ̀. Àwọn ará Jàpáànù kì í fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀, nítorí náà IME ni yóò pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ kyouhaishaniiku láìdúró, kí ẹ sì tẹ Space. Ó lè di 今日は医者に行く, ìyẹn ni pé lónìí, mo ń lọ rí dókítà. Ó sì lè di 今日歯医者に行く, pé lónìí, mo ń lọ rí dókítà eyín. Lẹ́tà hiragana kan náà ni, ibi tí a gé e sí ló yàtọ̀. Bí èyí tó jáde kì í bá ṣe èyí tí ẹ fẹ́, ẹ má pa á rẹ́. Kí ẹ tó tẹ Enter, ẹ fi bọ́tìnì olọ́fà ọ̀tún àti òsì rìn láti ègé kan dé òmíràn. Ègé tí ẹ wà lórí rẹ̀ ni ìlà abẹ́ rẹ̀ máa ń nípọn. Ẹ wá di Shift mú kí ẹ tẹ ọfà òsì: ègé àkọ́kọ́ tó jẹ́ きょうは yóò kúrú di きょう, は yóò sì bọ́ sọ́dọ̀ いしゃ láti di はいしゃ. Ẹ tẹ Space, 歯医者 yóò jáde. Ẹni tó bá mọ Shift pẹ̀lú ọfà lò kò ní máa kọ ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́, ọwọ́ rẹ̀ á sì yá ní ìlọ́po.

Ọ̀nà tí a ń gbà fi lẹ́tà ABC kọ ìró ní àwọn ìlànà kan tí ìwé ẹ̀kọ́ kì í sábà sọ. Lẹ́tà n ló ń dá ọ̀ràn jù. Bí faweli bá tẹ̀lé n, IME yóò so wọ́n pọ̀: kinen yóò di きねん, ìyẹn 記念, ìrántí. Ẹni tó fẹ́ 禁煙, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá, gbọ́dọ̀ kọ kinnen tàbí kin'en, kí ん lè dá dúró. Nítorí èyí kan náà, ìkíni こんにちは gba n mẹ́ta, konnnichiha. Ẹni tó bá kọ méjì yóò rí こんいちは. Ẹ tún kíyè sí i pé ha ni mo fi parí rẹ̀, kì í ṣe wa. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní hiragana ni ẹ ó tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń pè é: は jẹ́ ha, へ jẹ́ he, を sì jẹ́ wo.

Faweli gígùn náà fẹ́ àkíyèsí. Tokyo ni toukyou, Osaka ni oosaka. Byouin ni 病院, ilé ìwòsàn. Biyouin ni 美容院, ilé ìṣerunlóge, lẹ́tà i kan péré ló sì yà wọ́n. Nínú katakana, àmì ìdúró - ni ẹ ó fi kọ gígùn, bíi ra-men fún ラーメン. っ kékeré ń wá bí ẹ bá tẹ kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀léra, bíi kitte fún きって. Bí ẹ bá fẹ́ lẹ́tà kékeré kan lásán, ẹ fi x ṣíwájú rẹ̀, bíi xtu tàbí xa. づ ni du, ぢ ni di.

Bọ́tìnì F6 sí F10 wúlò kí ẹ tó tẹ Enter. F6 ń dá ọ̀rọ̀ padà sí hiragana, F7 ń sọ ọ́ di katakana, F8 ń sọ ọ́ di katakana tóóró, F9 di lẹ́tà ABC tó fẹ̀, F10 di ABC lásán tí a mọ̀. F7 ni ẹ ó máa fi kọ orúkọ wa. Ẹ kọ naijeria kí ẹ tẹ F7, ナイジェリア yóò jáde. Ibadan yóò di イバダン, yoruba yóò di ヨルバ. Ìró gb kò sí nínú Jàpáànù, nítorí náà Gbénga yóò di グベンガ tàbí ベンガ. Èyí tí ẹ bá mú, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀kan náà nínú gbogbo ìwé yín, pàápàá jù lọ bí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti físà, nítorí orúkọ tó yàtọ̀ láti ojú ewé kan sí òmíràn máa ń fa ìbéèrè. Ẹ lè fi orúkọ náà sínú ìwé atúmọ̀ IME kí ẹ má baà máa tún un kọ: ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún maosi tẹ あ, ẹ mú Add word, kí ẹ kọ orúkọ ní katakana sí apá kan, kí ẹ sì kọ ìró kúkúrú tí yóò máa pè é jáde sí apá kejì.

Ìkìlọ̀ kan wà tó ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà. Bí あ bá wà, nọ́ńbà àti àmì @ lè jáde ní irú èyí tó fẹ̀, １２３ dípò 123, Space pàápàá sì lè jẹ́ èyí tó fẹ̀. Lójú ènìyàn, wọ́n fẹ́ẹ̀ẹ́ jọ ara wọn. Lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà mìíràn pátápátá ni wọ́n. Àdírẹ́sì ímeèlì tàbí nọ́ńbà ìwé ìrìnnà tí ẹ bá kọ báyìí lè máà wọlé, fọ́ọ̀mù yóò kàn máa sọ pé ẹ ṣì í kọ. Ẹ pa IME kí ẹ tó kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Fọ́ǹtì àti ojú kanji

Windows ti ní Yu Gothic látilẹ̀, nítorí náà àpótí òfìfo kì í sábà yọ níbẹ̀. Àmọ́ bí ẹnì kan bá fi fáìlì Word ránṣẹ́ láti Jàpáànù, tí ìlà àti ojú ewé rẹ̀ kò sì tò bó ṣe yẹ, ó lè jẹ́ pé MS Mincho, Meiryo tàbí Yu Mincho ni ó fi kọ ọ́. Ẹ kọ Optional features sínú àpótí ìwádìí Settings, kí ẹ wá Japanese Supplemental Fonts níbẹ̀, kí ẹ sì fi í sórí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jù ni ti kanji tó wọ aṣọ Ṣáínà. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n fún kanji tí Ṣáínà, Jàpáànù àti Kòríà jọ ń lò, bí ọwọ́ tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi ń kọ ọ́ tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Fọ́ǹtì ló ń pinnu ọwọ́ tí yóò hàn. Ẹ wo 骨, eegun: igun kékeré tó wà nínú orí rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún nínú ìwé Jàpáànù, apá òsì ló sì wà nínú ìwé Ṣáínà. 直 náà yàtọ̀ kedere. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ojú kọ̀ǹpútà kọ́ bí a ṣe ń kọ kanji lè tipa bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ ní ọ̀nà Ṣáínà láìmọ̀. Bí ẹ bá rí èyí nínú bíráósà, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń to èdè nínú ètò rẹ̀, kí ẹ fi Japanese sí i, kí ó sì ṣíwájú Chinese bí ìyẹn bá wà níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ní láti fi lang="ja" sí ibi tí Jàpáànù bá wà.

Ubuntu

Mo fẹ́ràn Ubuntu, irú ètò Linux tí a lè lò dípò Windows, fún iṣẹ́ yìí, nítorí ohun tí a ń fi síbẹ̀ ṣe kedere, ìlà méjì sì ti tó. Ẹ ṣí Terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, kí ẹ kọ:

sudo apt update
sudo apt install ibus-mozc fonts-noto-cjk

Mozc ni IME náà. Ó tan mọ́ Google Japanese Input tó jáde ní 2009. Google ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2010. Noto CJK ni fọ́ǹtì, èyí tí Google àti Adobe jọ ṣe tí wọ́n sì gbé jáde ní 2014. Àwọn àpótí òfìfo yẹn, tí wọ́n ń pè ní tofu, ni orúkọ Noto ń bá jà, pé kí tofu má sí mọ́.

Bí ìlà méjèèjì bá parí, ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì yín kí ẹ sì tún wọlé. Ẹni tó bá fo èyí kò ní rí Mozc. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Keyboard, ẹ tẹ àmì àròpọ̀ tó wà lábẹ́ Input Sources, kí ẹ wá Japanese. Ohun méjì ni yóò yọ, ìṣòro sì wà níbí. Japanese lásán kàn ń yí ipò bọ́tìnì padà ni, kò ní IME kankan nínú. Japanese (Mozc) ni kí ẹ mú. Lẹ́yìn èyí, Super (bọ́tìnì Windows) pẹ̀lú Space ni yóò máa gbé yín láti èdè kan sí òmíràn. Bí ABC bá ṣì ń jáde, ẹ tẹ àmì Mozc lókè ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá Input Mode, kí ẹ sì mú Hiragana. Space, Enter, Shift pẹ̀lú ọfà àti F6 dé F10 ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí Windows.

Ẹni tó ń lo KDE, irú ojú iṣẹ́ mìíràn fún Linux, yóò jàǹfààní fcitx5-mozc ju ibus lọ. Lẹ́yìn tó bá ti fi í síbẹ̀, kí ó kọ im-config -n fcitx5, kí ó sì jáde kí ó tún wọlé. Láti mọ fọ́ǹtì tí Ubuntu ń mú fún Jàpáànù, ẹ kọ fc-match sans:lang=ja. Nínú LibreOffice, ẹ wọ Tools, Options, kí ẹ sì fi àmì sí Asian ní abala èdè, kí ẹ mú Japanese, nítorí láìṣe bẹ́ẹ̀ kò ní fún yín láyè láti yan fọ́ǹtì Jàpáànù lọ́tọ̀.

Ti Mac kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Fọ́ǹtì Hiragino ti wà nínú rẹ̀. Ẹ wọ System Settings, Keyboard, ẹ tẹ Edit lẹ́gbẹ̀ẹ́ Input Sources, kí ẹ sì fi Japanese – Romaji kún un. Control pẹ̀lú Space ń gbé yín lọ síbẹ̀.

Fáìlì tó para dà

Àwọn ará Jàpáànù ní ọ̀rọ̀ kan fún lẹ́tà tó dàrú, 文字化け, mojibake, tó túmọ̀ sí pé lẹ́tà ti para dà, bí iwin ṣe ń para dà. Ìdí rẹ̀ ni pé kí Unicode tó gbilẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi nọ́ńbà tọ́jú lẹ́tà kò jẹ́ ọ̀kan. Wọ́n ti to kanji sínú ìlànà orílẹ̀-èdè láti 1978, ṣùgbọ́n Shift_JIS ni Windows àti ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ilé ń lò láti fi tọ́jú wọn, EUC-JP ni ti Unix, ISO-2022-JP sì ni ti ímeèlì. UTF-8, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú nọ́ńbà Unicode, ló wà níta lónìí, àmọ́ fáìlì àtijọ́ kò tíì tán.

Ìrísí ìdàrú náà máa ń sọ ibi tó ti wá. Ọ̀rọ̀ 日本語 tí wọ́n fi UTF-8 tọ́jú, tí kọ̀ǹpútà wá kà bí èdè Yúróòpù, yóò di æ—¥æœ¬èªž. Bí ó bá jẹ́ Shift_JIS ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀, yóò di “ú–{Œê. Bí ó bá sì jẹ́ UTF-8 tí a kà bí Shift_JIS, 縺 àti 繧 yóò máa tún ara wọn sọ káàkiri ojú ewé. Ẹ má tẹ Save nígbà tí fáìlì bá wà ní ipò yìí! Lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀ kò tíì bàjẹ́, kíkà ni a ṣì í kà; ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa á mọ́ bẹ́ẹ̀, tí àwọn lẹ́tà kan sì ti di àmì ìbéèrè, kò sí ọ̀nà láti rí wọn gbà padà.

Lórí Ubuntu, ìlà yìí ń sọ fáìlì Shift_JIS ti Windows di UTF-8, ó sì ń fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà:

iconv -f CP932 -t UTF-8 atijo.txt > tuntun.txt

Bí orúkọ àwọn fáìlì tó wà nínú zip bá dàrú, ẹ kọ unzip -O cp932 pẹ̀lú orúkọ zip náà. Nínú Excel, ẹ má kàn tẹ fáìlì CSV lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wọ Data, ẹ mú From Text/CSV, kí ẹ sì yan 932 fún Shift_JIS tàbí 65001 fún UTF-8 níbi tí wọ́n kọ File Origin sí, títí ọ̀rọ̀ yóò fi tò.

Ètò àtijọ́ tí wọ́n kọ láìlo Unicode, bíi géèmù tàbí ètò ilé iṣẹ́ kan láti Jàpáànù, ni kò ní gbọ́ gbogbo èyí. Fún un, ẹ wọ Administrative language settings lórí Windows, ẹ tẹ Change system locale, kí ẹ mú Japanese (Japan), kí ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ sì tún tàn án. Ẹ má fi àmì sí ìlà Beta tó sọ̀rọ̀ UTF-8 níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè rí ¥ níbi tí \ ti máa ń wà láàárín orúkọ fódà. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Nọ́ńbà kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò nínú ìlànà àtijọ́ Jàpáànù.

Yorùbá àti Jàpáànù nínú ìwé kan

Nígbà tí IME Jàpáànù bá wà lójú iṣẹ́, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá yín kò sí níbẹ̀, nítorí náà bọ́tìnì tí ẹ fi ń kọ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn kò ní dáhùn. Ẹ fi Yoruba kún àwọn èdè bí ẹ ṣe fi Japanese kún un, kí ẹ sì máa fi Windows pẹ̀lú Space rìn láàárín wọn. Nínú Word, ẹ ṣí àpótí Font: fọ́ǹtì méjì ni yóò gbà báyìí, ọ̀kan fún Asian text, ọ̀kan fún Latin text. Ẹ fún Jàpáànù ní Yu Mincho, kí ẹ sì fún Yorùbá ní fọ́ǹtì tó mọ àmì ohùn gbé, bíi Noto Serif tàbí Times New Roman. Bí ẹ bá fi fọ́ǹtì Jàpáànù kan kọ méjèèjì, àmì ohùn lè léfòó kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀, nítorí pé ọ̀ àti ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode: lẹ́tà ni a fi ṣíwájú, àmì ohùn sì tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀. Jàpáànù náà ní irú rẹ̀. が lè jẹ́ nọ́ńbà kan, ó sì lè jẹ́ か pẹ̀lú àmì ゛ tó tẹ̀lé e, ìdí nìyẹn tí orúkọ fáìlì tó wá láti orí Mac fi máa ń hàn nígbà mìíràn bí か゛ lórí ẹ̀rọ mìíràn, tí ìwádìí kò sì ní rí i. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ara yín tún orúkọ fáìlì náà kọ.

Láti dán gbogbo rẹ̀ wò, ẹ kọ ìlà kan sínú Notepad tó ní ọ̀rọ̀ bíi Ìbàdàn, ọ̀kọ̀, イバダン, 骨 àti 今日歯医者に行く. Ẹ pa á mọ́ ní UTF-8, ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín nípasẹ̀ ímeèlì, kí ẹ sì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn tàbí lórí fóònù. Bí àmì ohùn bá ṣì jókòó sórí ọ̀, tí igun kékeré inú 骨 wà lápá ọ̀tún, tí kò sì sí àpótí òfìfo kankan, fọ́ǹtì, IME àti encoding yín ti tò.